Èjìká Tíṣà Felicia

Lọ́dún 2002 ni apá ọ̀tún Tíṣà Felicia kọ̀, kò dé òkè pátákó mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti ń kọ́ ọmọ ní Ayégbajú-Èkìtì. Ìdajì ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ló wá ń kọ̀wé sí, àwọn ọmọ kíláàsì sì rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣahun.

Bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Èjìká ń ta á bí iná, pàápàá bó bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, kò lè wé gèlè, kò lè de kọ́mú lẹ́yìn ara rẹ̀. Obìnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni wá ń pe Àṣàkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, láràárọ̀.

Àṣàkẹ́ kò sì lè panu mọ́. "Ọfà ni wọ́n ta sí yín, Tíṣà. Àwọn ará ulé ọkọ yín ni."

Felicia pòṣé. "Àwọn tí ẹ̀gẹ́ wọn ń jẹrà lóko tí wọn ò rí i wú? Ìgbà wo ni wọ́n ráyè ọfà?"

Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ sí ilé àdúrà kan. Wòlíì ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ méjèèjì sókè. Felicia na ọ̀kan. Wòlíì ní ẹ̀mí ìgbéraga ló dè é lápá.

"Bó bá jẹ́ ìgbéraga ló ń di èjìká," ni Felicia wí, "ẹ̀yin fúnra yín kì bá lè gbé Bíbélì." Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Lẹ́yìn èyí ni Olúsọjí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òkè wá láti Ìgbólé. Òkè ní òun ń to eegun, pé oríkèé ló yẹ̀. Ó fi orúnkún ti Felicia lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa apá náà bí ẹni ń fa ewúrẹ́ wọ ọkọ̀. Felicia ké, ó bì, kò sì rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe apá. Òun tó ń fi gbogbo ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé apá fún òpònú.

Ó gbọ̀nà Ìdó lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan gbọ́ ohun tí Òkè ṣe, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bá ṣúgà tó pọ̀ jù níbẹ̀.

"Mà, kò sí ohun tó yẹ̀. Àpò kan ló bo oríkèé èjìká. Òun ló wú, tó gbóná nínú, tó ń dà yín láàmú. Bí wíwú náà bá pẹ́, àpò á ki, á súnkì bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ṣúgà sì máa ń ṣokùnfà rẹ̀. Ẹni tó fà á yẹn, iná tó ń jó ló ń fẹ́."

"Ìgbà wo ni yóò san?"

"Ó lè gbà tó ọdún kan àbọ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ mú ṣúgà wálẹ̀, kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ sí èjìká láti pẹ̀tù sí wíwú náà. Wọ́n ní kó máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀, kó dúró níbi tí ìrora bá ti le.

"Alángbá ni mo wá dà," ni Felicia wí. Ṣùgbọ́n ó ń gun ògiri lójoojúmọ́.

Nígbà tí apá náà máa fi gòkè padà, ọdún 2004 ti wọlé. Olúsọjí rí i níbi tó ti ń sá aṣọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Iṣẹ́ ọwọ́ Òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ ni."

"Bọ̀dá, ẹ pè é kó wá fa tiyín náà."

Lóṣù Kọkànlá, èjìká òsì bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Felicia kò sọ fún Àṣàkẹ́, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ ọkọ̀ Ìdó.