Àmù Làádá

Bí òórùn èèpo ọsàn tí wọ́n ń jó láti fi lé ẹ̀fọn bá ti ta sí mi nímú, ọ̀sán kan nígbà tí ibà pọ́njú ń jà ní Ìwó ni mo máa ń rántí.

Ìyá àgbà gbé àmù síwájú ilé, kí àwọn tó ń lọ kírun lè rí omi ṣe àlùwàlá. Nọ́ọ̀sì kan tó ń yẹ omi àdúgbò wò fi abọ́ funfun bù ú. Kòkòrò tín-ín-rín ń jó nínú rẹ̀.

"Ìyá, ọmọ ẹ̀fọn nìyí o. Ẹ̀fọn ló ń tan ibà yìí kálẹ̀."

"Ṣé làádá tí mò ń wá ni mo fi ń bọ́ ẹ̀fọn?"

Ìyá àgbà ti àmù náà ṣubú, omi bo ẹsẹ̀ wa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irú ibà yẹn ló ti pa àkọ́bí wọn tẹ́lẹ̀.

Àwa ọmọdé sáré láti ilé dé ilé, à ń pariwo, "Ẹ da omi nù!" Kí wọ́n tó pe ìrun aláásárì, gbogbo àdúgbò ti rin gbingbin.

Ìyá àgbà fọ àmù, wọ́n pọn omi tuntun sí i, wọ́n fi ọmọrí dé e pinpin.

"Kí ẹ̀fọn lọ wá làádá tiẹ̀ níbòmíràn."