Ojúlé Méje Tí Mo Fẹsẹ̀ Ara Mi Rìn Dé

Ejò kan wà lóko kajú mi ní Bóní, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti mọ àkókò ara wa. Bó bá ń yá oòrùn, èmi á lọ jókòó síbòmíràn. Ẹni tó bá rí wa á ní mo láyà. Irọ́ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ láyé yìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: fọ́tò àbúrò mi ni, nínú tẹlifóònù.

Amẹ́ríkà ni àbúrò mi ń gbé. Ó ṣe ohun tí àgbàlagbà kì í ṣe sí ọmọdé. Wọ́n dá a lẹ́jọ́, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó jáde. Lọ́hùn-ún, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáde tán, ìjọba á gbé ojú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò tó ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé máa wò ó. N kò bá wọn jà. Ọmọ tó ṣe é sí náà ní ìyá, ìyá yẹn sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbé nítòsí òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí ní Ṣábẹ̀, ìlú wa, tó ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, tó ń ránṣọ lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ fi rìnrìn àjò. Ọwọ́ èmi àti ìyàwó mi ló dàgbà sí. Àwa mẹ́ta péré la mọ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ọmọkùnrin kan láti Bẹ̀sẹ́ ní òun fẹ́ ẹ, inú mi dùn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìwádìí. Níbi tiwa, ẹbí ọkọ kì í dédé gbé obì wá. Wọ́n á kọ́kọ́ rán àgbà obìnrin kan, á ṣe bí ẹni ń ra gàrí káàkiri àdúgbò, á máa bèèrè: ṣé olè wà nílé yẹn? Ṣé wèrè wà? Ọmọkùnrin náà ti ta ọmọ wa lólobó pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ní kí n ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo dé ojúlé méje tó yí wa ká, mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ̀rọ̀ àbúrò mi fún àlejò kankan. Ẹni tí a bá bẹ̀ pé kó má sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ bèèrè pé ọ̀rọ̀ wo. N kò sì mọ irọ́ pa. Mo sọ díẹ̀ lójúlé kìíní, mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúlé kẹta. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe, tí í ṣe ìkeje, òun ló ń sọ ọ́ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ká ní ẹ ò wá ni, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àbúrò yín ń ṣe dáadáa lókè òkun. Ohun tí mo mọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo rìn padà sílé bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún olè, tó tún bá a gbé fìtílà.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò wa kan, ọ̀kan lára àwọn tí mo bẹ̀, wá mú ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ wa lọ sílé. Ó ní ọmọ náà fẹ́ múra fún ìdánwò. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀ dúpẹ́. Ọmọ wa ká aṣọ tí ọmọdébìnrin yẹn ń rán lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó fi í sínú àpótí. Ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá, ta lẹ sọ fún?"

Mo ní n kò sọ fún ẹnì kan, mo kàn lọ bẹ̀ wọ́n ni.

"Ojúlé mélòó?"

Mo na ìka méje sókè. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Ó ní bí ìyá tó ń bọ̀ láti Bẹ̀sẹ́ bá dé, kí ẹnikẹ́ni má gbẹnu òun sọ̀rọ̀ mọ́, òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mọ́, mo ti gbé àdá. Ejò mi ń retí mi ní Bóní. Ìyàwó mi gba àdá náà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó.

Ìyá Bẹ̀sẹ́ ra gàrí títí, ọmọ wa ló jáde lọ pè é wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó fún un lómi, ó sì gbé tẹlifóònù tó ṣí sí fọ́tò bàbá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohun kan pamọ́. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ojú inú fọ́tò ló ń wò.

"Ó jọ ẹ́," ó ní. "Ṣé o ò ní fọ́tò rẹ̀ mìíràn ni?"

"Kì í fi ránṣẹ́ mọ́, ìyá. Ojú ń tì í. Ìjọba ibẹ̀ ló ń fi tuntun síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí bí irun rẹ̀ ṣe ń funfun."

N kò mọ̀ pé ó máa ń lọ wò ó. Mo rò pé èmi nìkan ni, èmi tí mò ń yọjú bóyá wọ́n ti yọ ọ́.

"Bí o bá bímọ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni, n óò máa pè é."

Ìyá náà yíjú sí mi. Ó ní òun ti dé ojúlé mẹ́rin kí òun tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sọ: wọn ò gbọ́ ohunkóhun rí nípa àbúrò mi.

"Àdúgbò wo ni kì í rí nǹkan sọ nípa èèyàn?" ó ní. "Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ṣáájú mi."



Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí èsì tó dé. Wọ́n á fẹ́ ẹ. Ohun kan péré ni wọ́n béèrè. Lásìkò yìí, bàbá tó wà lókè òkun máa ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána nínú tẹlifóònù, kí gbogbo èrò gbọ́. Wọn ò fẹ́ ohùn tirẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é.

Ìyẹn ni pé èmi náà ni n óò sọ fún àbúrò mi. Fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń sọ fún ìyàwó mi pé tẹlifóònù mi ò níná. Lọ́jọ́ kẹrin mo pè é, mo sọ ọ́ ní kúkúrú, nítorí mo mọ ara mi.  

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí lẹ máa sọ nínú àdúrà náà?"

Mo ní n kò tíì mọ̀.

"Ẹ mú ìwé."

Mo mú ìwé. Ó ń pè é, mò ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò yá, ó ń dúró dè mí lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìwé yẹn ni mo kà lọ́jọ́ ìdána. Ọmọ wa kúnlẹ̀, ó doríkodò. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti pè é ní ọmọ tó sáré tẹ̀lé mọ́tò mi lọ́jọ́ tí mo ń rìnrìn àjò, títí eruku fi bò ó, ó gbójú sókè. Kì í ṣe èmi ló ń wò.