Ó Rẹ Obìnrin Tó Rán Ìwé Ọmọ́lẹ́wà Aláìmàárẹ̀

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, Àrìnkẹ́ Rájí, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Mísbáù, kú lórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan nílùú Èkó. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Lákòókò yẹn gan-an, ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Erékùṣù, àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà lórí ìdúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ìwé kan tó sọ pé àárẹ̀ kì í mú obìnrin. Ìyá Mísbáù ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ìwé náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká bá wọn pàtẹ́wọ́.

Kí ẹ má baà rò pé ìròyìn ẹlẹ́nu méjì ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́ mò ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun títí di Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni iṣẹ́ òǹkàwé ní Ilé Ìtẹ̀wé Ìràwọ̀, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀. Bí wọ́n bá ti to lẹ́tà ìwé kan tán, èmi á máa ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ sókè ketekete, pẹ̀lú kọ́mà àti fúlísítọ́ọ̀pù rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Albert á máa wo èyí tí a tẹ̀, á sì máa fi yíǹkì pupa sàmì sí àṣìṣe. A ní yàrá tiwa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo dé, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sínú yàrá yẹn, wọ́n sọ ọ́ di yàrá àlejò ọ̀gá àgbà, wọ́n wá kó èmi àti Albert lọ sí gbọ̀ngàn ibi tí àwọn obìnrin ti ń ká pépà tí wọ́n sì ń rán an. Bó ṣe di pé obìnrin mẹ́rìnlá tí kò mọ̀wé kà ń gbọ́ gbogbo ìwé tí wọ́n ń rán nìyẹn.

Ìyá Mísbáù ni olórí wọn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Mafolúkù ní Òṣòdì ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá sí Ìsọlọ̀ láràárọ̀. Kò mọ lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n ó lè fi àtàǹpàkò fẹ́ ojú ìwé igba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sọ fún ọ pé pépà kíká kẹfà dorí kodò. Ó fẹ́ràn ìtàn gan-an. Bí mo bá ń kà níbi tó dùn, tí Albert dá mi dúró nítorí àṣìṣe, ó máa ń bínú sí i. Ó tún máa ń bínú sí èmi náà.

"Dúró, kọ́mà rẹ ti pọ̀ jù," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Ṣé òǹkọ̀wé yẹn ń wúkọ́ ni?"

Ẹ rántí pé ọdún tó kọjá ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ pọ̀, ìwé ò tó, wọ́n sì ti sọ fún wa pé owó kì í ṣe ìṣòro ilẹ̀ yìí mọ́. Ẹni tó bá ti lè di báírò mú bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé. Lára wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé Adéjùmọ̀, tó jẹ́ olùyẹ̀wò ilé-ìwé tẹ́lẹ̀. Ó kọ ìwé kan fún àwọn ọmọ, ó pe orúkọ rẹ̀ ní *Ọmọ́lẹ́wà Aláìmàárẹ̀*. Obìnrin inú ìwé yìí a máa jí kí àkùkọ tó kọ, a pọn omi, a gún iyán, a lọ sóko. Ọkọ rẹ̀ jókòó láti ojú ìwé kìíní títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, mo sì lè búra, torí èmi ni mo kà á. Ní ojú ìwé kẹtàdínlógún, Ọmọ́lẹ́wà bímọ lójú ọ̀nà oko, ó pọn ọmọ náà, ó gbé igi ìdáná rẹ̀ padà sórí, ó sì délé se oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ ló dúró nínú gbọ̀ngàn.

"Dúró, padà sẹ́yìn," ni Ìyá Mísbáù wí. "Ta ló bá a gbé igi yẹn rù?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ibi ọmọ ńkọ́?"

Mo yẹ ìwé wò lókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, mà."

"Ẹ ò rí i! Ọkùnrin tó kọ ìwé ló bí ọmọ yẹn, kì í ṣe obìnrin. Ìdí tí kò fi rẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín pa wá débi pé yíǹkì Albert dà sórí ojú ìwé náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, fọ́máànù wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, ìwé Adéjùmọ̀ di òfin ilé-iṣẹ́. Bí obìnrin kan bá tọrọ àyè, fọ́máànù á ní, "Ọmọ́lẹ́wà ò tọrọ àyè o." Bí òmíràn bá ní kí wọ́n wá àpótí ìjókòó kún un, á ní, "Orí àpótí wo ni Ọmọ́lẹ́wà jókòó sí?" Èmi tí mo sì ka ìwé náà fún un, ohùn dídùn ni mo fi kà á. Ọmọ tíṣà Èkìtì ni mí, wọ́n kọ́ mi láti fa ọ̀rọ̀ yọ kó wọ èèyàn lára. Ojú ń tì mí báyìí.

Nínú obìnrin mẹ́rìnlá yẹn, márùn-ún lóyún. Nígbà tí àṣẹ dé pé ìwé náà gbọ́dọ̀ jáde kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ gba káàdì ìtọ́jú oyún lọ́wọ́ àwọn márààrún, ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì tì í pa. Ó ní òun ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ kó má baà sọnù ni. Ẹ gbọ́ àánú! Ẹni tó bá parí ìpín iṣẹ́ rẹ̀ lòun á fún ní káàdì kó tó lọ rí nọ́ọ̀sì. Lórí káàdì Ìyá Mísbáù, nọ́ọ̀sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó sinmi, kó padà wá ní Ọjọ́ Ajé láìyẹ̀. Èmi ni mo ka yíǹkì pupa yẹn fún un kí fọ́máànù tó gba káàdì náà.

Ó bèèrè káàdì náà ní Ọjọ́ Ajé. Ó bèèrè ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé kò lè wọ bàtà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní káàdì mi. Orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú."

"Ìyá Mísbáù, ìwé mẹ́fà péré ló kù tí a fẹ́ gbé fún àwọn àlejò pàtàkì lọ́la. Ọwọ́ yín ló mọ́ jù. Ẹ bá wa rán mẹ́fà yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì mo máa fún yín ní káàdì, màá tiẹ̀ fún yín ní mọ́tò tó máa gbé yín lọ."

Mo ní kó gbàgbé káàdì, kó máa lọ. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. "Bí mo bá débẹ̀ láìsí káàdì, wọ́n á ní kí n lọ mú un wá. Bí mo bá sì lọ, ìpín mi á bọ́ sọ́rùn Sẹ̀kínátù, ọmọ oṣù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Dúró, inú ìwé ni Ọmọ́lẹ́wà ń gbé. Mafolúkù lèmi ń gbé." Ó jókòó, ó sì rán ìwé mẹ́fà náà. Kò sí ìkankan tó wọ́ nínú wọn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gìrì mú un lẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti Albert gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Nílé ìwòsàn, akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé bi wá, "Káàdì dà?" A ní ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ lọ mú un wá jọ̀ọ́. A ò mọ oṣù tí oyún ẹ̀ wà, a ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Mo sáré padà sí Ìsọlọ̀ láàárín àwọn lọ́rì. Dúrọ́ọ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Irin kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó tó láti fi já a. Mégáàdì ní tí mo bá já a, òun á fẹjọ́ mi sùn. Mo dúró, mo ro iṣẹ́ mi, mo sì padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi ìborùn rẹ̀ bò ó lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì a sin ín. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ìwé ìròyìn kan gbé e pé ọ̀gá àgbà wa sọ níbi ayẹyẹ náà pé àpáta ni obìnrin ilẹ̀ yìí. Ní Sátidé, ilé-iṣẹ́ rán èèyàn sí ọkọ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìwé ni! Ọ̀kan nínú mẹ́fà tó rán ni, òǹkọ̀wé sì fi ìkọ̀wé dáradára kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Sí ìdílé akọni obìnrin, tó dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí Ọmọ́lẹ́wà." Rájí ò mọ̀wé. Ó gbé e fún mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Odindi ìwé yẹn ni mo kà fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè ka ìlà kan yẹn fún un. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́." Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ìfaradà obìnrin! Ọ̀rọ̀ náà mà dùn lẹ́nu o, pàápàá lẹ́nu ẹni tó jókòó. Ilẹ̀ tó ra sìmẹ́ńtì lókè òkun títí ọkọ̀ ojú omi tó kó o wá kò fi ríbi gúnlẹ̀ sí ní èbúté Èkó, ṣé àpótí ìjókòó ni kò lè rà? À ń yin ẹni tó ru ẹrù kí ẹnikẹ́ni má baà bèèrè ẹni tó dì í lé e lórí. Ẹ̀yin Ọ̀gbẹ́ni Adéjùmọ̀, n kò sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ìwé yín tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ fi ojú ìwé kan kún un, kí ẹ kọ síbẹ̀ pé ẹni tó rán an ti kú, kí ẹ sì kọ ohun tó pa á.

Ẹ̀yin aláṣẹ tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò, ta ló fún fọ́máànù láṣẹ láti gba káàdì aboyún? Ṣé ọ̀gá àgbà mọ̀? Bí kò bá mọ̀, kí ló ń ṣe nínú yàrá tútù yẹn? Ẹ pe Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, kó dáhùn lójú Rájí. Ẹ pe akọ̀wé ojú fèrèsé. Ẹ pe èmi náà, mo máa wá, mo sì máa sọ ti irin tí n kò mú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ìsọlọ̀. Albert sọ fún mi ní àárọ̀ àná pé káàdì mẹ́rin yòókù ṣì wà níbẹ̀ ní títì. Ìsíátù ló ni ọ̀kan, oṣù rẹ̀ ti pé, ó sì ti ń sọ láti ọjọ́ mẹ́ta pé orí ń fọ́ òun. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹ ti ń kà á yìí. Ẹ lọ já dúrọ́ọ̀ náà.