Ọ̀pá Tí Mo Bá Bàbá Yàn

Nígbà tí mò ń nu fèrèsé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ọparun la fi ń ṣe ọ̀pá, àkísà la sì ń so mọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi oríkèé ìka kàn án. Èyí tó gbẹ á dún kó, á sì fúyẹ́. Èyí tó tutù á dún gbì, á wúwo bí òkú ewúrẹ́.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan ni ẹnì kejì mi. Èjìká ń dà á láàmú, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáadáa mọ́ láti mọ kó yàtọ̀ sí gbì. Òyìnbó ọ̀gá wa ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún ju ọ̀pá sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Nígbà tí ọparun tuntun dé láti Agége, ó bẹ̀ mí: "Àbúrò, bá mi yan èyí tó fúyẹ́ jù."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ìyẹ́ àdàbà ni mò ń gbé bọ̀ fún yín."

Èyí tó tutù jù ni mo gbé fún un. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé e, ó rò pé èjìká òun ló burú sí i. Nígbà tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n, mo ní, "Bàbá, ijó wo lẹ̀ ń jó yẹn?" Ní fèrèsé kẹrin, ọ̀pá já bọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó lọ, ó gbé ọ̀pá tèmi wò, ó rí i pé ó fúyẹ́. Ó wò mí tàánútàánú.

"Àbúrò, etí tìẹ náà ti ń lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí Òyìnbó mọ̀ o."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì rín ẹ̀rín mi dé ilé mi ní Agége.