Èèkù Tó Ń Dún

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìsẹ́yìn, síkúrúdíráfà kan ṣoṣo ni mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi ní. Kò sí síkúrù tí kì í tú, èèkù rẹ̀ sì máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọdé. Mo ní àwúre ló kì sínú rẹ̀ tí àwọn oníbàárà mi fi ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó lọ jẹun, mo yí ìdérí èèkù náà. Orí síkúrúdíráfà kéékèèké mẹ́fà, oríṣiríṣi, ló dà sínú yanrìn. Márùn-ún péré ni mo rí ṣà padà sínú rẹ̀.

Ó dé, ó ṣí i wò, ó nà án sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ahọ́n kan irin yìí, kí ẹ búra pé ẹ kò ṣí i.”

Mo ní eyín ń dùn mí.