Fótò Tó Wà Lọ́dọ̀ Ẹni Tí A Kò Rí

Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pe ayafótò yìí, nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí oníbàárà bá ti sún mọ́ tábìlì rẹ̀. Inú díráìfù kọ̀ǹpútà dúdú kan ló kó gbogbo fótò ìgbéyàwó tó ti yà sí, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni díráìfù náà sì ń sùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kó o sí kíláòdù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń bá èèyàn tọ́jú ẹ̀."

"Ṣé o mọ ilé wọn? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn ta ni màá lọ kàn?"

Àfi ìgbà tí òrùlé jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Díráìfù mumi yó. Ìdajì fótò ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí yọ, ayafótò sì di ẹni tó ń sá fún ìyàwó oníyàwó tí fótò rẹ̀ ti ṣòfò láàárín ọjà. Ló bá gba kámú, ó kó ìyókù sí kíláòdù.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè fi dá a mọ̀ tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Inú bí i. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyá òun ṣe? Ó parọ́ fún wọn. Kò pẹ́ tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ó gbàgbé irọ́ náà mọ́ ọn.

Ó pe ilé iṣẹ́ náà, ó dárúkọ ìyá rẹ̀.

"Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kọ nìyẹn, sà," ni obìnrin tó gbé fóònù wí.

"Ṣé èmi ni mi ò mọ ìyá tó bí mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá ṣí i fún yín báyìí, ẹlòmíì náà lè pè kí n ṣí tiyín fún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ayafótò lára. Ẹni tó le tó báyìí, a lè fi ẹrù síkàáwọ́ ẹ̀.

"Orúkọ màámi lẹ fi síbẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti yàrá kejì. "Orúkọ wọn lẹ máa ń dá tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ parọ́ orúkọ."

Ayafótò dárúkọ náà, wọ́n sì ṣí i fún un.

Ìyá ìyàwó gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun fi orúkọ òun ṣọ́ ohun iyebíye. Orí rẹ̀ wú, ó ń ròyìn rẹ̀ káàkiri. Kò sẹ́ni tó láyà láti ṣàlàyé fún un.