Àlùfáà Tó Kọ Ìrẹsì Ìyá Mi

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní Austell, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan kọ ìrẹsì tí ìyá mi gbé lọ fún un. Ó wo abọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba, kò sì na ọwọ́. Ìyá mi gbé abọ́ rẹ̀ padà sílé, ó ní òun kò ní buwọ́ lu ìwé kankan mọ́.

Ìwé náà ṣe pàtàkì. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ará ìlú Chittagong tó ń gbé ní agbègbè wa ló ra ilé tó tẹ̀ lé tiwa, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àdúrà. Àlùfáà náà nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò kọ̀wé sí kaunti, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, pé ọkọ̀ ń pọ̀ jù lójú títì lọ́jọ́ Àìkú. Kaunti ní kí wọ́n wá gba àṣẹ, kí wọ́n sì mú ìwé àtìlẹ́yìn wá lọ́dọ̀ ẹni tó bá wọn pààlà. Ojú irin ló wà lápá kan. Ìyá mi ló wà lápá kejì, torí orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ilé wa. Ìgbẹ́jọ́ ku ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọn kò bá rí àṣẹ gbà, ilé àdúrà yóò di títì, àlùfáà yóò sì wá ibòmíràn lọ.

Agbẹ̀bí ni ìyá mi ní Abẹ́òkúta kó tó wá bá mi lókè òkun níbí. Kì í ṣe ẹ̀sìn Búdà ló bí i nínú.

“Kó máa sin ohun tó bá ń sìn,” ó ní. “Mo fọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, ó ní rárá. Ṣé mo fi májèlé sí i ni?”

Mo ní bóyá ó ti yó.

“Ẹni tó bá yó a gbà á, a gbé e sí fíríìjì. Àbí bí mo ṣe kọ́ ìwọ nìyẹn?”

Nírọ̀lẹ́, bàbá àgbàlagbà tó ń ṣètò ilé àdúrà náà kan ilẹ̀kùn. Ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Chittagong nígbà kan, kó tó wá máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Decatur. Ìyá mi ń pè é ní Bàbá Ilé Kejì. Òun náà ń pe ìyá mi ní Mama; èmi ni mo ń túmọ̀ láàárín wọn.

“Mama, ẹ má bínú,” ó ní. “Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti kọjá, àlùfáà wa kì í jẹun mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í sì í gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin. Ìyá tó bí i gan-an, orí aṣọ ló ń gbé e lé fún un.”

“Títí ilẹ̀ fi mọ́?”

“Tíì nìkan ló ń mu.”

“Tó sì ń gé koríko ńlá yẹn?”

“Èmi ni mò ń gé e, Mama. Àwọn àlùfáà wa kì í gé koríko.”

Ìyá mi ní iṣẹ́ àlùfáà yẹn dára o. Mo bi bàbá náà bóyá èèyàn kì í ṣi irú èyí ṣe nílùú wọn.

“Ìlú èbúté ni,” ó ní. “Ọkọ̀ ojú omi ló kó oríṣiríṣi èèyàn débẹ̀. Ládùúgbò wa, mọ́sálásí wà ní kọ̀rọ̀ títì, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pọtogí kò jìnnà, tẹ́ḿpìlì Híńdù wà lórí òkè, ilé àwọn àlùfáà wa wà lẹ́yìn ọjà ẹja. Kálukú mọ ìgbà tí ẹnì kejì ń jẹun. Bí o bá ṣì í ṣe, wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí kaunti.”

“Ẹ̀ ń jẹ ẹja gbígbẹ níbẹ̀?”

“Mama, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí ìlú.”

“Tiwa náà ń rùn,” ìyá mi ní, bí ẹni ń yangàn.

Bàbá náà wá sọ pé òórùn ẹja nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ wà nínú ìwé ẹ̀sùn náà. Wọn kì í sì í dáná nílé àdúrà lọ́jọ́ Jímọ́.

Ìyá mi ló ń se ẹja lọ́jọ́ Jímọ́. Inú gáréèjì ló ti ń se é, kí ilé wa má bàa rùn, á wá ṣílẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ kí èéfín lè jáde. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń jáde lọ.

“Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ?” ìyá mi bi í.

“Aládùúgbò wa ni yín, Mama.”

Ìyá mi buwọ́ lu ìwé náà ní tábìlì oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó gbé ìrẹsì tuntun lọ, ó gbé e lé orí aṣọ tí àlùfáà tẹ́ síwájú rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. Àlùfáà jẹ ẹ́, ó bù sí i. Ó ní ata rẹ̀ kò tó. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun ìyá mi.

Ní Ọjọ́rú, ó dìde sọ̀rọ̀ níbi ìgbẹ́jọ́, mo ń túmọ̀.

“Èmi ni mò ń se ẹja,” ó ní. “Ẹni tí kì í jẹun lẹ́yìn ọ̀sán, ẹja wo ló fẹ́ se nírọ̀lẹ́?”

Òṣìṣẹ́ kaunti tó darí ìgbẹ́jọ́ ní kí n bi í bóyá ó mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Kí wọ́n gbà á dáadáa.”

Òṣìṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ òórùn kúrò nínú ẹ̀sùn. Ó ní ti ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀: àwọn yóò rán ẹnì kan wá wo títì lọ́jọ́ Àìkú méjì, ìpinnu yóò sì wá nínú lẹ́tà lóṣù tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, kí àlùfáà máa gbé níbẹ̀, kí àwọn tó ń wá jọ́sìn sì máa kó ara wọn sínú ọkọ̀ díẹ̀.